Dúdú Àjà Màámi

Imú Ìjọba ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, kò kánjú rárá. Ó kúrò nídìí àga tí wọ́n fi wáyà tẹlifóònù àtijọ́ hun, ó yí ọrùn gígùn rẹ̀, ó wá dúró síwájú ẹ̀wù kan tí wọ́n fi páálí oògùn ibà rán. Afẹ́fẹ́ tútù ni wọ́n ń fẹ́ sínú Gbọ̀ngàn Ńlá láti àárọ̀, síbẹ̀ òógùn ti jẹ́ kí aṣọ Ìbírónkẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀, ó kọ́wọ́ sẹ́yìn bí àwọn oníṣẹ́ ọnà tó kù ṣe kọ́wọ́ sẹ́yìn, ó sì ń bẹ Ọlọ́run nínú ara rẹ̀ pé kí ẹ̀rọ náà bà jẹ́. Òun náà mọ̀ pé àdúrà òfo ni. Ní Òkè-Afẹ́fẹ́, ẹ̀rọ tó bá ń pọnmi fáwọn èèyàn ló máa ń bà jẹ́. Èyí tó bá ń ṣọ́ wọn kì í ṣàìsàn.

Ẹ̀rọ náà kò ju ewúrẹ́ lọ ní gíga. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí bíi táyà kẹ̀kẹ́, ọrùn rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, ihò wẹ́wẹ́ ló kún orí ọrùn náà. Orúkọ tí ìjọba sọ ọ́ gùn débi pé ẹni tó bá ń pè é á sinmi lágbede méjì. Àwọn ará ìlú wò ó, wọ́n rí imú, wọ́n sì pè é ní Imú.

Ọ̀gbẹ́ni Akínpẹ̀lú, ọ̀gá àwọn olùyẹ̀wò, ló ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. "Kí lẹ fi ṣe é, sà?" ló bi ọkùnrin tó ni ẹ̀wù náà.

"Páálí oògùn ibà. Orí ààtàn ilé ìwòsàn kan tí wọ́n ti tì pa ni mo ti ṣà á."

Imú fa afẹ́fẹ́. Ohùn obìnrin kan tí kò gbóná tí kò sì tutù ti inú ọrùn rẹ̀ jáde. "Oògùn ibà. Ó ti pẹ́. Ọwọ́ aláìsàn púpọ̀ ti kàn án. Òótọ́ ni."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó nu ojú.

Ẹni tó kàn jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin kan tó fi èèpo ẹyin ṣe àtùpà. Ó ti fọ́ èèpo náà wẹ́wẹ́, ó tún lẹ̀ ẹ́ pọ̀, àtùpà náà sì fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gba ara rẹ̀ kọjá. Ó rẹwà gan-an. Ìbírónkẹ́ ti ń jowú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wọlé.

"Èèpo ẹyin, sà," ọmọbìnrin náà wí. "Inú abọ́ oúnjẹ tí ìjọba ń fún wa ni mo ti ń kó o jọ."

Imú na ọrùn. "Èèpo ẹyin. Adìẹ tó ń jẹ ekòló. Adìẹ orí ilẹ̀. Kì í ṣe òótọ́."

Òfin ti de adìẹ sísìn nílé, ṣùgbọ́n Akínpẹ̀lú kò jágbe mọ́ ọn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bá ọmọ kékeré sọ̀rọ̀. "Ta ló ń sin adìẹ, àbúrò?"

"Bàbá mi," ọmọbìnrin náà dáhùn, ẹkún sì gbà á lẹ́nu. Wọn kò tilẹ̀ bi í lẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn aláṣọ funfun méjì mú un jáde lọ́nà ẹ̀yìn. Gbogbo wọn mọ ohun tó kù. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, wọ́n á ti dé ọ̀dọ̀ bàbá náà, wọ́n á wó ilé adìẹ rẹ̀, wọ́n á sì gbé e lọ sí Ilé Ìsinmi, níbi táwọn arúgbó ti ń jókòó nídìí fèrèsé tí kò ṣeé ṣí. Wọ́n ń tọ́jú wọn dáadáa níbẹ̀. Wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ, wọ́n ń gé èékánná wọn. A kò kàn tíì rí ẹni tó padà wálé.

Ẹni kan ṣoṣo ló kù kí ó tó kàn án.

Aṣọ ìkélé gàgàrà kan ni iṣẹ́ tirẹ̀, láti òkè ògiri dé ilẹ̀. Àwọ̀n ẹ̀fọn àtijọ́ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Lórí àwọ̀n náà ló rán dúdú èéfín sí, dúdú tí iná ìdáná máa ń lẹ̀ mọ́ àjà. Ó ti fi oje igi kájú pò ó, ó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ó gé e wẹ́wẹ́ bí ìpẹ́ ẹja, ó sì rán an lọ́kọ̀ọ̀kan títí ìka rẹ̀ fi wú. Dúdú náà kì í ṣe dúdú ọ̀dà. Ó jinlẹ̀, ó sì ń dán bí ara ẹja àrọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lómi.

Ẹni tí kò bá gbé Òkè-Afẹ́fẹ́ kò lè mọ ohun tí irú dúdú bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ojú. Wọn kì í pa iná mànàmáná níbẹ̀. Títì mọ́lẹ̀, yàrá mọ́lẹ̀, abẹ́ ibùsùn mọ́lẹ̀. Àwọn tó ti bímọ wà níbẹ̀ tí wọn kò rí òkùnkùn rí láyé wọn. Lọ́jọ́ tí Ìyáàfin Fálọ́lá, alábòójútó gbọ̀ngàn náà, kọ́kọ́ rí aṣọ ìkélé yìí, ó bọ́ bàtà, ó dúró síwájú rẹ̀, kò sì gbọ́ nígbà tí wọ́n ń pè é. Nígbà tó yá, ó ní ojú òun sinmi. Ó ní bí Imú bá ti lè gbà á wọlé, Ìbírónkẹ́ ti di ará òkè nìyẹn, pẹ̀lú yàrá tirẹ̀ àti ilé iṣẹ́ tirẹ̀, kò sì ní padà sí Ìsàlẹ̀-Ọ̀sà mọ́, níbi tí omi ti ń wọlé bá èèyàn lórí ẹní.

Ohun tó kù kò ju kó sọ ibi tó ti rí dúdú náà.

Irọ́ tó ti pèsè sílẹ̀ rọrùn. Á ní ilé búrẹ́dì àtijọ́ kan tó wà ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀sà ni òun ti họ ọ́, èyí tí wọ́n ti tì kí òfin tó de iná dídá. Ó sì họ ti ibẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n dúdú ilé búrẹ́dì ti gbẹ, ó ti ń di àwọ̀ eérú, kò dán. Ìṣẹ́tí aṣọ ìkélé náà ló lò ó fún. Gbogbo àárín rẹ̀, ibi tí ojú Ìyáàfin Fálọ́lá ti sinmi, àjà Màámi ló ti wá.

Ẹfúntádé ni orúkọ Màámi. Ẹ̀gbọ́n ìyá Ìbírónkẹ́ ni, òun ló sì tọ́ ọ láti Ọdún Ikọ́, ọdún tí igbó jó tí èéfín rẹ̀ bo ìlú mọ́lẹ̀, tó pa ìyá Ìbírónkẹ́ pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọmọdé. Lẹ́yìn ọdún náà ni òfin jáde pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dáná mọ́. Wọ́n kó ìṣáná, wọ́n kó sitóófù, wọ́n pín ìkòkò tí kì í mú èéfín jáde. Màámi gba ìkòkò tiwọn, ó fi í bu omi. Iná tirẹ̀ kò kú. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti gbà á, ìyá ìyá rẹ̀ ló sì gbé e wá nínú àpáàdì, nínú ọkọ̀ ojú omi, nígbà tí òkun jẹ abúlé wọn àkọ́kọ́. Igi ẹ̀gbà tó ń hù létí omi ló ń fi dá a, ẹja ló ń yan lórí rẹ̀. Páìpù kan ń gbé èéfín rẹ̀ wọ inú ọ̀sà. Gbogbo obìnrin àdúgbò náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń fọnná bí tiwọn bá kú. Wọ́n á gbé àpáàdì sábẹ́ ìró wá, wọ́n á bu ẹyin iná, wọ́n á sì bá ọ̀nà ẹ̀yìn lọ. Bí iná ilé Màámi bá kú pẹ́nrẹ́n, kò síbi tí wọ́n tún ti lè rí òmíràn.

Ìbírónkẹ́ kò tọrọ dúdú náà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí gan-an ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó lọ sílé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wo òkè, ó ní, "Màámi, àjà yín ti dúdú jù. Ẹ jẹ́ n bá yín họ ọ́."

"Ṣé o ráyè ni, Àjọkẹ́?" Oríkì Ìbírónkẹ́ ni Màámi fi ń pè é.

"Mo ráyè, mà."

Màámi gbé àpótí fún un kó gùn. Nígbà tí Ìbírónkẹ́ ń họ àjà náà sínú ọ̀rá, Màámi dúró nísàlẹ̀, ó di àpótí náà mú kó má baà yẹ̀, ó sì ń ṣàdúrà fún un. "Ọmọ tìẹ náà ò ní gbàgbé ẹ. Nígbà tí ara ẹ bá di ara àgbà, wàá rí ẹni tí yóò bá ẹ gun òkè àjà." Ó pe àwọn aládùúgbò wá wo bí ilé ìdáná òun ṣe mọ́. Ìbírónkẹ́ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti òkè. Ó fẹ́ ṣe àmín, kò lè ṣe é jáde. Ó so àpò ọ̀rá náà lẹ́nu, ó ní òun á lọ dà á nù.

"Tiyín ńkọ́, àǹtí?"

Ohùn Akínpẹ̀lú mú un ta gìrì. Imú ti dúró síwájú rẹ̀, ọrùn rẹ̀ ti nà sí ìṣẹ́tí.

"Dúdú èéfín ni, sà. Ilé búrẹ́dì kan wà ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀sà nígbà kan, kí òfin tó dé. Ibẹ̀ ni mo ti họ gbogbo ẹ̀."

"Èéfín," Imú wí. "Ó ti pẹ́. Ìyẹ̀fun. Ìwúkàrà."

Akínpẹ̀lú mi orí. Ó ti fẹ́ kọjá, ṣùgbọ́n Imú kò kúrò níbẹ̀. Ó gbé ọrùn sókè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé àárín aṣọ ìkélé náà, ó sì dákẹ́.

"Èéfín. Igi ẹ̀gbà. Epo ẹja." Ó tún dákẹ́. "Ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì yé mi. Mo ń tún un gbọ́."

"Ẹja? Nínú ilé búrẹ́dì?" Akínpẹ̀lú béèrè.

"Bóyá wọ́n máa ń yan ẹja níbẹ̀ náà, sà." Ìbírónkẹ́ gbọ́ ohùn ara rẹ̀, kò sì dá a mọ̀.

Akínpẹ̀lú wò ó. Kì í ṣe ìwò burúkú. Gbogbo ìlú mọ̀ pé ọmọ méjì ló sin ní Ọdún Ikọ́, èéfín kò sì jẹ́ ọ̀rọ̀ àwàdà fún un. "Ẹ jẹ́ kó tún un gbọ́," ó ní. "Bó bá ti pẹ́, kò síjà. Bí kò bá tíì pẹ́, àǹtí, a jẹ́ pé ẹnì kan ń dáná níbì kan nìyẹn."

Àsìkò yìí gan-an ni wọ́n ṣílẹ̀kùn ńlá fáwọn òǹwòran. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń na ọwọ́ sí àga àti ẹ̀wù. Láàárín wọn ni ìyá arúgbó kan wà tó fi ìborùn etù bo èjìká, tó rọra ń gbé ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀ tó ń dán náà kó má baà yọ̀ ṣubú.

Màámi ni.

Ìbírónkẹ́ kò pè é. Ó ti fi ọgbọ́n yẹra fún un, ó ní wọn kì í jẹ́ kí àwọn ará ìsàlẹ̀ wọlé. Ta ló wá sọ fún un? Bóyá àwọn aládùúgbò. Màámi ti múra. Ìborùn náà ti ìyá rẹ̀ ni, inú àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò ló máa ń wà, kì í sì í gbé e jáde àfi bí ayọ̀ bá pọ̀. Ó ń wò yíká, ó ń wá ọmọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ wá bá aṣọ ìkélé dúdú náà pàdé, ó sì dúró sójú kan.

Imú kúrò lára aṣọ ìkélé. Ó yí ọrùn rẹ̀ pátápátá sí ẹnu ọ̀nà.

"Èéfín. Igi ẹ̀gbà. Epo ẹja. Ó wà níbí."

Àwọn tó sún mọ́ Màámi sá sẹ́yìn. Àwọn kan fi ọwọ́ bo imú ọmọ wọn. Ó ku Màámi nìkan láàárín gbọ̀ngàn, ó dúró níbẹ̀, kò sì mọ ohun tí yóò ṣe.

Akínpẹ̀lú lọ bá a. "Ẹ káàbọ̀, mamá. Ibo lẹ ti ń bọ̀?"

"Ìsàlẹ̀-Ọ̀sà ni, ọmọ mi."

"Èéfín ń rùn lára yín."

"Á rùn," Màámi dáhùn. "Ìborùn yìí ni. Ti ìyá mi ni, láyé ìgbà tá a ṣì ń yan ẹja. Inú àpótí ló ń gbé. Wọ́n ní kéèyàn múra wá síbí ni mo ṣe yọ ọ́."

"Ta lẹ wá wò níbí?"

Ojú Màámi ló dáhùn fún un. Akínpẹ̀lú tẹ̀ lé ojú náà, ó sì kan Ìbírónkẹ́.

"Àǹtí, ṣé ẹ mọ mamá yìí?"

Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, Imú á so èkíní mọ́ èkejì. Wọ́n á dé ìdí ààrò náà kí ilẹ̀ tó ṣú, Màámi á sì di ará Ilé Ìsinmi. Bí ó bá ní rárá, ìyá arúgbó kan lásán ni, tó wọ aṣọ àtijọ́ jáde. Nítorí Màámi ni kó ṣe sọ pé rárá. Ohun tó sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn, ó sì kù díẹ̀ kó jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń rò ó, yàrá tí wọ́n ṣèlérí fún un lókè náà ń hàn sí i, ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ, fèrèsé rẹ̀ gbòòrò, ó sì mọ̀ pé òun ń wò ó.

"Rárá, sà," ló wí. "N kò mọ̀ wọ́n."

Ara Màámi kò yẹ̀. "Ojú ló tàn mí, ọmọ mi," ó sọ fún Akínpẹ̀lú. "Mo ní ọmọ kan tó ga báyìí. Ẹ má bínú, àǹtí."

Ó pe Ìbírónkẹ́ ní àǹtí. Ẹni tó fi ẹ̀yìn pọ̀n ọ́n la gbogbo Ọdún Ikọ́ já, tó ń fi ẹnu fa ikun nímú rẹ̀ kó lè rí èémí mí, pè é ní àǹtí níwájú èrò.

Akínpẹ̀lú rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. "Ó yé mi wàyí. Aṣọ mamá ló ń da Imú láàmú láti ẹnu ọ̀nà." Ó ṣẹ́wọ́ sáwọn aláṣọ funfun. Wọ́n fi ìka méjì ṣí ìborùn náà kúrò léjìká rẹ̀ bí ẹni tó ń mú òkú eku, wọ́n rọ ọ́ sínú ọ̀rá, wọ́n so ó lẹ́nu. Wọ́n ní omi oògùn ni àwọn máa rẹ ẹ́ sí títí gbogbo aró rẹ̀ á fi ṣí. Wọ́n fún Màámi ní ẹ̀wù funfun kan tó fẹ́lẹ́ bíi bébà. Ó wọ̀ ọ́. Èjìká rẹ̀ kékeré hàn lábẹ́ rẹ̀. Ìbírónkẹ́ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èjìká Màámi ti kéré tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹ máa lọ sílé, mamá," Akínpẹ̀lú wí. "Lọ́la, a máa ní kí Imú kan rìn yíká àdúgbò yín, kí ọkàn gbogbo wa lè balẹ̀."

"Ẹ ṣeun, ọmọ mi."

Màámi jáde lọ. Akínpẹ̀lú kò jẹ́ kí Imú tún àárín aṣọ ìkélé náà gbọ́ mọ́. Ó ní ó tó bẹ́ẹ̀. Imú sọ pé, "Òótọ́ ni," àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, Ìyáàfin Fálọ́lá sì dì mọ́ Ìbírónkẹ́, ó ní káàbọ̀ sí òkè. Ìbírónkẹ́ ń dúpẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo ẹnu rẹ̀ korò.

Wọ́n ṣì ń bu ohun mímu fáwọn àlejò nígbà tó yọ́ jáde. Oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run nígbà tí ọkọ̀ orí okùn gbé e sọ̀ kalẹ̀ ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀sà. Ó sáré lórí àwọn afárá pákó, bàtà tuntun rẹ̀ ń ta omi. Kó tó dé ẹnu ilẹ̀kùn ló ti gbóòórùn rẹ̀, òórùn eérú tí wọ́n da omi sí.

Màámi ṣì wọ ẹ̀wù funfun náà. Ó ti wó ààrò. Ó fi ìgbálẹ̀ ń gbá eérú tútù gba ihò ilẹ̀ pákó sínú ọ̀sà, omi tó wà nísàlẹ̀ sì ti dúdú. Igi tó kù, ó ti jù ú sómi. Ẹja tó wà lórí àwọ̀n, ó ti pín in fáwọn aládùúgbò.

Ìbírónkẹ́ kúnlẹ̀ sínú eérú náà. "Màámi, ẹ pẹ̀lẹ́."

"Dìde. Ilẹ̀ tutù."

"Ẹ ti pa á."

"Àbí kí n jókòó dè wọ́n? Lọ́la ni wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Mo ti ránṣẹ́ sí gbogbo ojúlé tó ń dáná. Olúkúlùkù ti bu omi sí tiẹ̀." Ó ń gbálẹ̀ lọ. "Ẹni tó kù tí mi ò tíì rí ni Ìyá Ládipọ̀. Ó lọ sí odò láti àárọ̀."

"Màámi, mo ṣẹ̀ yín. Mo sọ pé n kò mọ̀ yín."

"Mo gbọ́. Ibẹ̀ náà ni mo wà."

"Mo rò pé bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀..."

"Ìyẹn ò dùn mí," Màámi wí. Ó dá ìgbálẹ̀ dúró, ó fẹ̀yìn ti ògiri. "Èmi náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé mo dé ẹnu ọ̀nà, mo rí àjà mi tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ṣé kí n má mọ ohun tí mo ti ń wò lókè orí mi láti kékeré? Mo ní háà, nítorí èyí lọmọ yìí ṣe wá bá mi họ ọ́. Èmi sì ti ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ọmọ mi ló ṣàánú mi."

Ìbírónkẹ́ tẹjú mọ́ eérú. Ì bá dára kí Màámi bú u. Ì bá dára kó gbá a létí bó ṣe máa ń gbá a ní kékeré, kó sì parí síbẹ̀.

"O ò kàn bi mí ni, Àjọkẹ́. Ká ní o bi mí, mi ò ní sọ pé rárá. Èmi fúnra mi ì bá bá ẹ gun àpótí." Ó mú ìgbálẹ̀ rẹ̀ padà. "Ó dára o. Iṣẹ́ náà. Ó dára gan-an. N kì í purọ́ fún ẹ."

Ìbírónkẹ́ sunkún. Màámi kò dá a lẹ́kun, kò sì lé e jáde. Ó ń gbálẹ̀ yí i ká níbi tó kúnlẹ̀ sí.

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó rọra kàn án bí àwọn obìnrin àdúgbò ṣe máa ń kàn án bí wọ́n bá wá fọnná. Màámi gbọ́, kò gbórí sókè.

"Ìyá Ládipọ̀ nìyẹn," ó ní. "Lọ dá a lóhùn."

"Èmi kẹ̀, Màámi?"

"Ìwọ. Ó rẹ̀ mí."

Ìbírónkẹ́ dìde, eérú wà lórúnkún rẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn. Ìyá Ládipọ̀ dúró síbẹ̀, aṣọ rẹ̀ ṣì tutù láti odò, apẹ̀rẹ̀ ẹja wà lórí rẹ̀, ó fi ìró bo àpáàdì lábẹ́ apá.

"Áà, àwọn ará òkè. Wọ́n ní òní lọjọ́ yín. Ẹ kú oríire o." Ó yọ àpáàdì náà jáde. "Níbo ni Màámi wà? Tèmi ti kú kí n tó dé. Mo wá fọnná."

"Iná ti kú, mà."

"Èwo? Tèmi ni mo ní ó kú."

"Tibí náà, mà. Gbogbo ẹ̀ ti kú. Lọ́la ni wọ́n ń bọ̀ wá yẹ àdúgbò wò."

Ìyá Ládipọ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Lẹ́yìn náà ló yọjú wò ó lẹ́yìn, ó rí ààrò tí wọ́n wó àti ilẹ̀ tó ń kán omi. Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. "Iná tí wọ́n gbé sọ́kọ̀ wá síbí? Iná tí wọ́n fi se oúnjẹ ìsọmọlórúkọ mi? Ta ló pa á?"

Ìró ìgbálẹ̀ dákẹ́ nínú ilé. Ìbírónkẹ́ mọ̀ pé òun lè sọ pé ìjọba ni. Ó lè sọ pé Imú ni. Ìyá Ládipọ̀ á gbà á gbọ́, àwọn méjèèjì á jọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á jọ ṣépè, Màámi kò sì ní já a nírọ́.

"Èmi ni, mà," ó wí. "Èmi ni mo pa á."

Ìyá Ládipọ̀ wo ojú rẹ̀, ó wo bàtà tuntun tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó tún wo eérú tó wà lórúnkún rẹ̀. Kò bú u. Ó bẹ̀rẹ̀ tẹrùtẹrù, ó dojú àpáàdì náà délẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì gba orí afárá lọ sílé rẹ̀. Nínú ilé, ìgbálẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún.